Arúfin Ni Mí: Èmi Ni Mo Gba Owó Ṣọ́ọ̀kì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níhìn-ín ní Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń tà á lẹ́bàá ibùdókọ̀ ti mọ̀ pé kó yọ ti Ìyá Tíṣà sápá kan kó tó tẹ́ àwọn yòókù sórí tábìlì. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Èyí tí ẹ gbé jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi máa wá gègé kiri ilé. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba ló ba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́, ó ní abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tálákà, àti pé bí ìjọba bá kó bíi mẹ́wàá nínú wọn sẹ́wọ̀n, àwọn tó kù á tọwọ́ ọmọ wọn bọ aṣọ.

Òótọ́ ló sọ. Mo wà lára àwọn tó ń bá wí.

Ẹni ọdún 68 ni mí. Mo fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní agbègbè Òkè-Ògùn yìí, láti 1978 títí di 2013. Ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni mo fi jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di arúfin.

Ní ọjọ́ Ajé kan ní 2009, ọ̀sẹ̀ kẹrin sáà kejì, tíṣà kíláàsì kẹrin wọlé wá bá mi, ó na ọwọ́, ó ní, “Mà, ohun tó kù nìyí o.” Ṣọ́ọ̀kì tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Páálí ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ni wọ́n fún wa fún odindi sáà yẹn, tíṣà mọ́kànlá ni wá, ọmọ 412 ló sì wà nínú rẹ́jísítà. Mo ti ń ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta láti ọ̀sẹ̀ kìíní kí n tó pín in, bí ẹni ń pín iṣu fún ọmọ oníyàwó púpọ̀. Kò sí kọ́bọ̀ tó jẹ́ ti ilé-ìwé lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ̀wé béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.

Ọjọ́ kejì, lórí ìlà àárọ̀, mo kéde pé kí oníkálùkù mú ₦50 wá. Ọmọ 287 ló san. Owó náà jẹ́ ₦14,350. Mo fi ra ṣọ́ọ̀kì, mo fi ṣe fọ́tókọ́pì ìbéèrè ìdánwò, mo ra àgádágodo sí yàrá tí a ń kó ìwé sí, mo fi wọ ọkọ̀ lọ fi àbọ̀ oṣù jíṣẹ́, mo sì ra mínírà àti bísíkíìtì fún ìnsípẹ́kítọ̀ méjì tó wá wò wá. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ 125 tí kò san, mo kọ “kò ì san” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn.

Ibi tí ó ń dùn mí títí di òní nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ní kí àwọn tí kò ì san dúró síta nígbà tí àwọn yòókù bá wọlé. N kò lé ẹnikẹ́ni lọ sílé o, mo ní kí wọ́n kàn dúró ni, kí ojú lè tì wọ́n, kí wọ́n lè rántí sọ fún bàbá wọn. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹta, bàbá rẹ̀ ń hun òfì. Ó dúró síta lọ́jọ́ kan, kò sì wá mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, mo bá a ní abẹ́ ìtẹ́ òfì bàbá rẹ̀ tó ń ká òwú. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, “Mà, ó ní ẹ ní kí òun má wọlé.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mú un padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú ìṣirò ìlọ́po rẹ̀, kò sì bá wọn mọ́ nínú sáà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2004, èyí tí àwa tíṣà ń pè ní UBE, ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ fún ọmọ láti kíláàsì kìíní títí yóò fi parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lórí rẹ̀ yóò san owó ìtanràn tí kò ní ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì. Nítorí náà bí òfin bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí n ti lọ ṣe oṣù mẹ́ta mi kí n padà wá jẹ owó ìfẹ̀yìntì. N kò ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí owó wà, ìbéèrè tí mo sì fẹ́ bi òǹkàwé yín yẹn ni pé: ta ló mọ̀ iye tó kúrò l'Ábùjá, ta ló mọ̀ iye tó dé ọ̀dọ̀ mi?

Bí a ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lára àpò gbogbogbò ìjọba àpapọ̀ ni òfin yẹn yà sọ́tọ̀. Àjọ UBEC tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ l'Ábùjá ló ń pín in. Kí ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Ó dà bí ọkọ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Kọ́kọ́ gbé ẹgbẹ̀rún kan wá kí n tó fi ẹgbẹ̀rún kan kún owó ọbẹ̀.” Ìyàwó tó ní á jẹ, èyí tí kò ní á máa wo ìkòkò. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ lọ́dọọdún pé bílíọ̀nù náírà ń sùn sí báńkì l'Ábùjá láìrí ẹni gbà á, tí ọmọ sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èyí tí wọ́n bá sì gbà, ilé ni wọ́n ń fi apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́. N kò bínú ilé, ilé dára. Wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin fún wa lọ́dún kan. Kọngílá kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi parí iṣẹ́. Ọjọ́ tó parí ló gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti pé. Mo wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, kò sí iye owó lórí rẹ̀. Mo béèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, ìyẹn ò kàn yín.” Omi kò sí, kànga kò sí, àwọn ọmọ sì ń lọ sẹ́yìn igbó bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ fi ìyẹn kún ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Owó oṣù tíṣà, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, láti inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a tààrà, gbogbo ará ìlú ń jó. Ẹgbẹ́ àwa tíṣà, NUT, ni kò jó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kì í fi okùn ṣeré. Ní 1991 ìjọba Babangida kó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tú àjọ tó ń bójú tó owó rẹ̀ ká. Owó oṣù wá di àwátì káàkiri. Ní 1993 ni wọ́n tún dá àjọ náà padà. Èmi ta gaàrí lójúde nígbà náà, àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi ló ń rà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún fi ẹnu kan kí mi kú iṣẹ́ ọmọ wọn. Ẹ má ṣe bú tíṣà tí kò jó nígbà náà.

Mo ní àbígbẹ̀yìn kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Nígbàkigbà tó bá wálé, á máa ka àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí owó ilé-ìwé fún mi, èmi á máa ṣa ẹ̀fọ́. Nígbà tó ń kà á lọ báyìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé irọ́ ni mo ti ń pa láti ọdún púpọ̀ wá. Ẹ rántí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún? Mo ti gbé páálí rẹ̀ rìn lójú títì nígbà ìyanṣẹ́lódì, a kọ ọ́ gàdàgbà pé UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àgbáyé, ló ní kí ìjọba máa ná ìdá 26 ìṣúná lórí ẹ̀kọ́. UNESCO kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Incheon, ní Kòríà, ní 2015 ni ìdá 15 sí 20 nínú owó tí ìjọba ń ná, tàbí ìdá mẹ́rin sí mẹ́fà nínú gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè bá pèsè lọ́dún. Ó dùn mí nítorí páálí yẹn wúwo! Síbẹ̀, bí ẹ bá mú 15 tó kéré jù níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò tíì dé ìdá mẹ́wàá láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìyẹn nìkan tó gbé páálí fún, a ò nílò UNESCO.

Àwọn kan á ní owó kọ́ ni ìṣòro, pé bí o bá da owó sí ilé-ìwé, kò sí ohun tó máa yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Una Osili àti Bridget Terry Long, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2008 lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976. Wọ́n fi àwọn obìnrin tí ètò náà bá lọ́mọdé wé àwọn tó ti dàgbà kọjá rẹ̀. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí tiwa ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n rí i pé ọdún kan tí ọmọbìnrin bá fi kún ìwé kíkà ń dín ọmọ tí yóò bí kó tó pé ọdún 25 kù ní nǹkan bí ìdámẹ́rin ọmọ kan. Mo bi ọmọ mi pé apá ibo lára ọmọ ni wọ́n gé kúrò, òun náà rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Mo kọ́ àwọn kan nínú wọn ní kíláàsì kìíní, mo sì ti bá àwọn kan yan ìyàwó fún ọmọ wọn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwa tó bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ yẹn, ilé wa ni mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí i, S. O. Awokoya ló sì jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́. Bàbá mi mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Kò sí ìwé ọjọ́-ìbí nígbà náà. Tíṣà ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí àtàrí, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò dé ibẹ̀, ó ku bí ìka kan. Bàbá mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó rọra fi orókún tì í nígbà tí tíṣà bojú wo ìwé, ìka sì kan etí. Bí ó ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n ní nǹkan bí ọmọ 457,000 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ọdún kejì wọ́n lé ní 811,000. Ó yẹ kí ẹ fi èyí tí orókún bàbá mi tì wọlé yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé bàbá mi kò dìbò fún wọn. Ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ tí ìjọba bù lé àgbàlagbà lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí ìlú nínú, ìdí kan pàtàkì sì nìyẹn tí Ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) fi fẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Bàbá mi bú Awólọ́wọ̀ títí, ó san án, ó sì fi ìwé owó náà sínú àpò awọ rẹ̀. Nígbà tí kò sí bẹ́ǹṣì ní kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ ọgbà ilé-ìwé, ó yọ ìwé yẹn, ó fi han ọ̀gá àgbà, ó ní, “Ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ mi dà?” Ó mọ iye tó san. Ó mọ ohun tó san án fún. Àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ni o. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí mo sì jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà, n kò mọ̀ iye owó ilé ìyàgbẹ́ tó wà nínú ọgbà mi.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyí, Olóòtú, ó sì kàn yín gan-an.

Ní Uganda, ìjọba máa ń fi owó kan sílẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún àwọn nǹkan bíi ṣọ́ọ̀kì àti ìwé. Lórí ìwé ní Kampala, owó ń lọ déédéé. Ní 1996 àwọn olùṣèwádìí lọ sí ilé-ìwé 250, wọ́n gbé ìwé ìjọba kalẹ̀, wọ́n gbé ìwé ilé-ìwé tì í, wọ́n sì fi wé ara wọn láti 1991 dé 1995. Nínú ọgọ́rùn-ún ṣílè tó kúrò lókè, ìwọ̀n 13 péré ló ń dé ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àwọn onímọ̀ Báńkì Àgbáyé méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, ló gbé ìwádìí yìí jáde.

Ìjọba Uganda kò dá àjọ tuntun sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn lóṣooṣù, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sínú àwọn tí a ń kọ ní èdè ìbílẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí ilé-ìwé lẹ ohun tó gbà mọ́ ògiri níbi tí òbí ti lè kà á. Nígbà tí wọ́n tún ṣe ìwádìí lórí ọdún 2001, ohun tó ń dé ilé-ìwé ti lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mi ka apá kan fún mi tó jẹ́ pé mo ní kó tún un kà: ilé-ìwé tó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ló jàǹfààní jù. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn o! Mo rántí ọmọkùnrin ibùdókọ̀ yẹn.

Kí n má baà pa irọ́ kejì lé ti páálí, àwọn onímọ̀ mìíràn ti sọ pé kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é. Wọ́n ní ìjọba Uganda tún ọ̀nà tí owó ń gbà ṣe lásìkò kan náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1997, tó fi di pé gbogbo ojú wà lára ilé-ìwé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá àgbà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí mi bí mo bá rí i nínú ìwé ìròyìn pé ₦30,000 ni ti ilé-ìwé mi ní sáà yẹn. N kò ní jókòó. Bàbá olófì yẹn náà kò ní jókòó, á wá bá mi pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábíyá.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Owó lè dé, kó sì ṣòfò. Wọ́n kó ìwé kíkà wá fún wa lọ́dún kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tutù, ó ń dán. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta mi ń fọwọ́ pa àwòrán ibẹ̀, wọn kò sì lè ka gbólóhùn kan. Ọmọ mi ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kenya: àwọn olùṣèwádìí, tí Michael Kremer tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 wà lára wọn, rí i pé nígbà tí wọ́n kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-ìwé, àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ló tẹ̀ síwájú. Ṣé ó yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu, àwa tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti ṣe tiwa ní Mọdákẹ́kẹ́ láti 1970? Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's “A”, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní agbedeméjì. Àwọn ọmọ Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì ṣẹ́yìn. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ ọmọ ní èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n ní àwọn ti yí i padà. Ẹni tí kò bá bínú sí èyí kò dúró níwájú kíláàsì rí. Ó tó, mo padà sórí owó.

Ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ní 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, gé ti ìjọba ìbílẹ̀ wa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọlé, á ní kó kọ́kọ́ ka iye náà kó tó fún un ní omi. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ni owó náà dúró sí lórí ìwé. Láti ibẹ̀ dé ilé-ìwé mi, òkùnkùn ni.

Olóòtú, ẹ yọ̀ǹda ìdajì ojú ewé kan fún wa. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan tó. Ẹ mú ìjọba ìbílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé, iye ọmọ, iye owó tí wọ́n ní àwọn fún un, iye tó dé ọwọ́ ọ̀gá àgbà, àti iye owó tí kọngílá tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni tó jáde ní 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn bí ẹ bá kọ̀wé béèrè. Bí ọjọ́ méje bá pé tí wọn kò dáhùn, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo, ẹ kọ “wọn ò tíì dáhùn” síbẹ̀. Àwa yóò kà á. Láti 1859 tí Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ni a ti ń kà, a ò tíì gbàgbé. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìyá tó ń ta èlùbọ́ kò ní rí i. Nínú tiyín, ẹnìkan á kà á sókè fún un ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, á sì béèrè pé ilé-ìwé ọmọ òun dà. Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé mi àtijọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun á máa lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ọ̀gá àgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lè máa bẹ̀rù pé wọ́n á fi èyí mú àwọn. Mo lóye wọn, èmi náà ì bá bẹ̀rù. Nítorí náà mo ń fi tèmi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìwé èèpo aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, àbígbẹ̀yìn mi ti bá mi ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti 2008 dé 2013. Owó tí mo gbà wà níbẹ̀, ohun tí mo rà wà níbẹ̀, mínírà ìnsípẹ́kítọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi bo orúkọ àwọn ọmọ. Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.

Ọmọ olófì yẹn ti di géńdé báyìí, òun ló hun aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú ọkọ mi. Kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó gbà á, ó ní, “Mà, ẹ fi ra ṣọ́ọ̀kì.” N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni, n kò sì lè bi í.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Tíṣà,
Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsẹ́yìn.